Orin ìjìnlẹ̀ lórí rédíò ọ̀gànjọ́ òru: Ta ló pa tiwa lẹ́nu mọ́?

Òru kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, òun ni àwọn àgbà ṣe ní ó dífá fún ‘ìwọ ta nìyẹn?’ Bí oorun bá kọ̀ tí kò wá, kò sí bí ènìyàn ṣe lówó tó tàbí bó ṣe gbọ́n tó, yóò kàn máa yí síhìn-ín, yí sọ́hùn-ún lórí ibùsùn ni títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe rí yóò jẹ́rìí sí i pé ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí kì í bínú pé wọ́n jí òun lóru ni rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì.

Ìrírí èmi alára ló fa àpilẹ̀kọ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá mi wà lórí àìsàn, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì pín òru mọ́ ara wa lọ́wọ́ láti máa ṣọ́ wọn. Oorun kì í tètè kun bàbá. Bí NẸPA bá ti mú iná lọ, ìgbà tí àwọn aládùúgbò bá tó pa jẹnẹrétọ̀ wọn, ní nǹkan bí agogo méjìlá òru, ni gbogbo àdúgbò tó máa ń rọ̀ wọ̀ọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tó wà nítòsí wa ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan kò bá máa polówó àgbo jẹ̀dí, èkejì yóò máa pariwo àsọtẹ́lẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, mo wá ilé iṣẹ́ rédíò òkè òkun kan rí lórí fóònù mi, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí bàbá. Ẹgbẹ́ akọrin kan ló ń kọrin. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù, ohùn ènìyàn nìkan ni. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ gbe apá ti áátò lẹ́sẹ̀.

Nunc Dimittis, orin Síméónì arúgbó, ni wọ́n ń kọ. Bàbá mi jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Abẹ́òkúta nígbà èwe wọn, wọ́n sì máa ń kọ orin náà nínú ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ti lé ní 60 ọdún tí wọ́n ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, síbẹ̀ wọn kò ṣi ohùn kan ṣoṣo kọ. Nígbà tí orin parí, wọ́n bi mí léèrè bóyá Èkó ni wọ́n ti ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Mo ní rárá, Ìlú Ọba ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá rédíò tiwa kò ní irú rẹ̀ mọ́ ni.

Mi ò rí èsì fún wọn lóru ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá a.

Orin tó ti wà kí rédíò tó dáyé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú orin tí à ń sọ. Orin tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kílásíkà kì í ṣe orin òde àríyá. Orin tí wọ́n kọ sílẹ̀ sórí ìwé, ohùn dé ohùn, ni, débi pé ọmọ tí a bí lánàá lè kọ ohun tí ẹnìkan ṣẹ̀dá ní 500 ọdún sẹ́yìn. Lára àwọn tó pẹ́ jù lọ nínú rẹ̀ ni orin àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, òru sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Ní sẹ́ńtúrì kẹfà ni Benedict mímọ́, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, fi ìlànà lélẹ̀ fún àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tí wọ́n kọ ìyàwó níní àti ohun ìní sílẹ̀ nítorí ìsìn. Ìlànà náà ní kí wọ́n máa dìde lóru láti kọ Sáàmù, ó sì la àdúrà kan kalẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi parí ọjọ́ kí wọ́n tó sùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Compline. Ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ máa ń gbé. Ọ̀rọ̀ ló ń darí orin: bí ọ̀rọ̀ bá gùn, orin á gùn, bí ọ̀rọ̀ bá dúró, orin á mí. Àwọn tó wà ní apá ọ̀tún á kọ ẹsẹ kan, àwọn ti apá òsì á kọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá ọdẹ tàbí rárà rí, tó sì mọ ohun tí lílé àti ègbè jẹ́, kò ní ka orin yìí sí àjèjì rárá.

Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn. Hildegard ti ìlú Bingen ní Jámánì, tí wọ́n bí ní 1098 tó sì kú ní 1179, jẹ́ olórí ilé àwọn obìnrin tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìsìn. Ó ṣẹ̀dá orin fún wọn, àwọn orin náà sì máa ń ti ìsàlẹ̀ gòkè lọ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹyẹ tó gbéra ńlẹ̀. Ó ti lé ní 800 ọdún tó ti kú, àwọn akọrin ṣì ń kọ wọ́n.

Nígbà tó yá, ohùn kan di ohùn púpọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1570, Thomas Tallis, akọrin ààfin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe orin kan tí wọ́n ń pè ní Spem in alium fún 40 ohùn. Kì í ṣe pé 40 ènìyàn ń kọ ohun kan náà o. Ẹgbẹ́ akọrin mẹ́jọ, ohùn márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni, olúkúlùkù sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń tọ̀. Ẹ fojú inú wo ọjà Ọjà-Ọba tí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń sọ ti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ para pọ̀ di adùn kan ṣoṣo.

Alábàáṣiṣẹ́ Tallis ni William Byrd, tó kú ní 1623. Ìjọ Kátólíìkì ni Byrd ń ṣe ní àkókò tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka Máàsì ṣíṣe léèwọ̀. Inú ilé àwọn ènìyàn ni àwọn onígbàgbọ́ bíi tirẹ̀ ti máa ń jọ́sìn ní kọ̀rọ̀. Byrd ṣe Máàsì mẹ́ta fún wọn, ọ̀kan fún ohùn mẹ́ta, ọ̀kan fún mẹ́rin, ọ̀kan fún márùn-ún, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde láàárín ọdún 1592 sí 1595 láìfi ojú ìwé àkọlé kankan sí wọn. Ẹni tó bá ń gbọ́ wọn lóru, tí rédíò ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, yóò mọ̀ lára pé orin yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ni.

Èyí tó lókìkí jù nínú gbogbo wọn ni èyí tí Gregorio Allegri ṣe sí Sáàmù 51 ní Róòmù, ní àwọn ọdún 1630. Inú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà nínú ààfin Póòpù, nínú ìsìn tí wọ́n ti ń pa àbẹ́là ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí òkùnkùn yóò fi bo ibẹ̀. Ní 1770, ọmọ ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Mozart gbọ́ ọ níbẹ̀, ó délé, ó sì fi ọpọlọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru?

Ìdí àkọ́kọ́ kò fara sin. Irú orin yìí máa ń lọ sílẹ̀ débi pé bí mímí ni yóò kù. Bí ènìyàn bá gbé e sí i ní agogo méjì ọ̀sán ní Mushin tàbí Bẹẹrẹ, dáńfó kan tó bá fọn fèrè ti gbé ìdajì rẹ̀ lọ. Ní agogo méjì òru, ohun tó ń bá a du etí kò ju aago ara ògiri lọ.

Ìdí kejì wà lójú ọ̀run. Àwọn bàbá wa tó ní rédíò tíránsísítọ̀ onítọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé òru ni ilé iṣẹ́ rédíò ọ̀nà jíjìn máa ń wọlé dáadáa. Oòrùn ló ń fà á. Lọ́sàn-án, ìtànṣán oòrùn máa ń dá ìpele kan sílẹ̀ lókè réré, ìpele náà a sì máa gbé ìgbì mídíọ̀mù wéèfù àti púpọ̀ nínú ti ṣọ́ọ̀tù wéèfù mì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìpele náà á pòórá. Ìgbì á wá ráyè gòkè dé ìpele mìíràn tó ga ju ìyẹn lọ, ìyẹn á sì ta á padà sílẹ̀ sí ibi tó jìnnà gan-an sí ibi tó ti gbéra. FM kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ìdí kẹta ni pé àwọn kan jókòó, wọ́n sì pinnu pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1946, nígbà tí Ìlú Ọba ṣì ń fi tíkẹ́ẹ̀tì ra oúnjẹ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, BBC dá ìkànnì kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Third Programme. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀gànjọ́ òru ló sì ń parí. Orin ìjìnlẹ̀, eré onítàn àti ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ló kún inú rẹ̀. Ìkànnì yìí ló bí Radio 3 ní 1967, Radio 3 sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní 1996. Ètò kan wà lórí rẹ̀ tó ń jẹ́ Through the Night, tó máa ń lọ láti ọ̀gànjọ́ títí di ìdájí. Orin tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò oríṣiríṣi gbà sílẹ̀ káàkiri Yúróòpù ni wọ́n ń lò. Olóòtú á sọ orúkọ orin, ẹni tó ṣe é àti àwọn tó kọ ọ́, á sì gbẹ́nu sóhùn-ún. Kò ní sọ àwàdà, kò sì ní máa kí alága ìjọba ìbílẹ̀ kankan.

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ní ìlú Seattle, ẹgbẹ́ akọrin kan wà ní Kàtídírà St. Mark tí Peter Hallock dá sílẹ̀ ní 1956. Compline àwọn mọ́ńkì àtijọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Láti 1962 ni rédíò KING FM ti ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà máa ń wá dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn láti gbọ́ ọ, àwọn mìíràn á sì wà lórí ibùsùn nílé. Nígbà tí wọ́n bá ń fi orin náà sùn lọ́hùn-ún, àárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé ni lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ará Èkó ti ń sáré wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ohun tó wà nínú àpò ṣòkòtò

Kò sí àní-àní pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí á ti máa wí lọ́kàn pé nǹkan Òyìnbó ni gbogbo èyí, kí ló kàn wá? Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwọn Yorùbá wà tí wọ́n kọ́ orin yìí dójú àmì, tí wọ́n sì sọ ọ́ di tiwa. Ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà gan-an ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́.

Bàbá wọn ni Thomas Ekundayo Phillips, tí wọ́n bí ní 1884. Ó kàwé orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jẹ́ onídùùrù àti olórí akọrin ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962. Ohun tó ká a lára ni pé nígbà tí wọ́n bá fi ohùn orin Òyìnbó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ máa ń dàrú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí orin bá gbé ohùn gòkè níbi tí kò yẹ kó gòkè, ọkọ obìnrin á di ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Phillips wá ń ṣe orin tó ń tẹ̀ lé ohùn ẹnu, gẹ́gẹ́ bí orin àwọn mọ́ńkì ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Sáàmù. Ó kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ orin Yorùbá, tó jáde ní 1953.

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó kọrin lábẹ́ Phillips ni Fela Sowande, tí wọ́n bí ní 1905. Sowande lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1930, ó ń ta jáàsì lálẹ́, ó ń kọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án. Ní 1943 ó gba ìwé ẹ̀rí tó ga jù lọ ní Royal College of Organists. Ní 1944 ó ṣe African Suite fún àwọn olóhun èlò olókùn, apá márùn-ún ló ní, Àkínlà sì ni èyí tó kẹ́yìn. Nígbà tó padà sílé ní 1953, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, Nigerian Broadcasting Service, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, ló gbà á gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ka orin. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló fi onídùùrù tó mọ Bach, tó sì mọ orin ilé ṣọ́ọ̀ṣì Abẹ́òkúta, sídìí rédíò. Àwọn orin tó ṣe fún dùùrù, bí Òyígíyigì àti K’á Múra, orí orin tí àwọn ìyá wa ń kọ ló gbé wọn kà.

Òun nìkan kọ́. Akin Euba, tí wọ́n bí ní 1935 tó sì kú ní 2020, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀ka orin rédíò náà ní 1957, ọdún tí orúkọ rẹ̀ yí padà di NBC. Ayo Bankole, tí wọ́n bí òun náà ní 1935, kàwé ní Guildhall àti Cambridge, ó padà wálé ní 1966, ó sì di olóòtú ètò orin ní NBC kó tó lọ kọ́ni ní Yunifásítì Èkó ní 1969. Ó dunni pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1976, wọ́n pa òun àti aya rẹ̀. Ẹni ọdún 41 péré ni.

Àkínlà ní Kánádà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń dunni jù nìyí. Ní Kánádà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clyde Gilmour ṣe ètò orin lórí rédíò CBC láti 1956 títí di 1997. Orin tí àwọn olùgbọ́ ètò náà mọ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n bá ti gbọ́ ni wọ́n á ti mọ̀ pé Gilmour ti dé, ni Àkínlà ti Sowande. Àìmọye ará Kánádà tí kò lè fi ìka tọ́ Abẹ́òkúta lórí àwòrán ilẹ̀ ló ti sú orin ọmọ Yorùbá nídìí àwo fífọ̀ ní ilé ìdáná wọn. Sowande alára kú sí ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ní 1987.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga mélòó ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ló lè sú Àkínlà lónìí? Òru mélòó ni mo ti fi wá a lórí rédíò àdúgbò mi, mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Mo mọ àwíjàre àwọn ọ̀gá rédíò, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Dísù wọ́n, ìpolówó ló ń san owó oṣù, oníwàásù àti alágbo sì ṣe tán láti sanwó fún òru. Orin akọrin kò ní olówó tí yóò ra á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa, ta ló sanwó fún Sowande ní 1953? Owó ìlú ni. Rédíò ìjọba, ti àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, ṣì ń náwó ìlú títí di òní.

Àwọn akọrin kò sì tán nílẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wa ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Oǹdó ṣì ń kọ Sáàmù ní ohùn mẹ́rin. Ẹgbẹ́ MUSON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ní ilé ẹ̀kọ́ orin láti 1989, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ti ibẹ̀ jáde. Kò ju kí ilé iṣẹ́ rédíò kan gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá wọn nínú ìsìn ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí wọ́n sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún un lọ́sẹ̀, láàárín agogo méjìlá sí ọ̀kan òru, nígbà tí ìpolówó kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n fi Byrd sẹ́gbẹ̀ẹ́ Phillips, kí wọ́n fi Tallis sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bankole, kí olóòtú sì dárúkọ ẹni tó ṣe orin kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí orin tí wọn kò bá dárúkọ ẹni tó ni ín, bí ọmọ tó sọnù lọ́jà ni.

Ta ni yóò gbọ́ ọ? Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì yóò gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru yóò gbọ́ ọ, awakọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sókè Ọya náà yóò gbọ́ ọ. Ìyá ọlọ́mọ tuntun yóò gbọ́ ọ, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò. Àwọn arúgbó tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀ náà ńkọ́?

Bàbá mi ti lọ sinmi báyìí. Kí wọ́n tó lọ, ó tó òru mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a tún fi jọ gbọ́ rédíò òkè òkun yẹn, tí dátà fóònù mi ń tán tí mo ń rà á kún. Wọn kò tún béèrè ìbéèrè wọn mọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí orin bá ti parí, tí olóòtú bá fẹ́ sọ orúkọ, wọn á gbé orí díẹ̀ sókè láti gbọ́ ọ, bóyá orúkọ tí wọ́n mọ̀ ni yóò dárú.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ̀yin ọ̀gá wa nílé iṣẹ́ rédíò, wákàtí kan péré ni à ń tọrọ.